Onídùúró fún Ará Ilé Ẹni: Ìgbẹ̀san àti Oúnjẹ Àjọjẹ Nínú Fíìmù Munich ti Steven Spielberg

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú Munich ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì, àwọn agbésùnmọ̀mí mẹ́jọ láti inú ẹgbẹ́ Black September ti àwọn ará Palẹ́sítínì já wọ ibùwọ̀ àwọn eléré ìdárayá Ísírẹ́lì. Wọ́n pa méjì níbẹ̀, wọ́n sì kó mẹ́sàn-án nígbèkùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn 11 náà ti kú tán, nítorí pé ìgbìyànjú àwọn ọlọ́pàá Jámánì láti gbà wọ́n sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Fürstenfeldbruck forí ṣánpọ́n. Ọlọ́pàá kan àti márùn-ún nínú àwọn agbésùnmọ̀mí náà kú pẹ̀lú. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dá àwọn mẹ́ta tó ṣẹ́kù sílẹ̀, nígbà tí àwọn kan já ọkọ̀ òfurufú Lufthansa gbà. Fún àwọn Júù, ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́ ni èyí. Orí ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti tún pa wọ́n, ọdún 27 péré lẹ́yìn tí ogun Hitler parí.

Ohun tó tẹ̀lé ìpànìyàn yìí ni fíìmù Munich dá lé. Steven Spielberg ló darí rẹ̀, Tony Kushner àti Eric Roth ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ìparí ọdún 2005. Wọ́n gbé e ka ìwé Vengeance tí George Jonas kọ ní ọdún 1984, ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé gbogbo inú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ọnà ni ó yẹ kí a ka fíìmù náà sí, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ìtàn. Olú ẹ̀dá-ìtàn ibẹ̀ ni Avner, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ Golda Meir, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, rí. Ilé Golda Meir fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ náà. Ephraim tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló wá là á yé e: kí òun àti ọkùnrin mẹ́rin mìíràn wá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn Munich kàn rí ní ilẹ̀ Yúróòpù, kí wọ́n sì pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ariwo pọ̀ nígbà tí fíìmù yìí jáde. Leon Wieseltier, Júù ọmọ Amẹ́ríkà, bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn The New Republic. Lójú àwọn tó rí i bíi tirẹ̀, fíìmù náà gbé apànìyàn àti ẹni tó ń dojú kọ apànìyàn sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì, nítorí pé ẹni tó pa aláìhàlè nínú ibùsùn kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí wọ́n rán láti dá a dúró. Síbẹ̀, àìtọ́ kan wà nídìí ẹ̀sùn náà. Ó gbà pé ẹjọ́ láàárín Júù àti ará Palẹ́sítínì ni Spielberg ń dá. Tí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì inú fíìmù náà, a óò rí i pé èyí tó wúwo jù níbẹ̀ jẹ́ láàárín Júù àti Júù. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ohun tí Júù jẹ Júù ní gbèsè lẹ́yìn irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀.

Nínú Tálímúdì, ìyẹn àkójọ ẹ̀kọ́ àti àríyànjiyàn àwọn ràbáì àtijọ́, ẹ̀kọ́ kan wà tó sọ gbogbo ọmọ Ísírẹ́lì di onídùúró fún ara wọn. Ìgbà tí àjálù bá dé bá àwọn Júù níbì kan ni wọ́n sábà máa ń rántí rẹ̀ lóde òní, gẹ́gẹ́ bí ìpè pé kí oníkálukú dìde fún ará rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń jíròrò níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti jẹyọ. Ẹni tó lè dá ará rẹ̀ lẹ́kun ìwà ibi, tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, yóò pín nínú ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò ní ṣàjèjì sí Yorùbá tó mọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Onídùúró yàtọ̀ sí alátìlẹ́yìn. Òun ni wọn yóò mú bí ẹni tó dúró fún bá dalẹ̀. Apá méjèèjì ẹ̀kọ́ yìí ni Spielberg pín fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀: Ephraim di ti ìdìde-fún-ará mú, Robert sì di ti ìdá-ará-lẹ́kun mú.

Robert ló ń ṣe bọ́ǹbù fún ẹgbẹ́ Avner. Ní ìlú Paris, inú tẹlifóònù Mahmoud Hamshari ni ó fi bọ́ǹbù sí. Ọmọbìnrin kékeré tí Hamshari bí padà wọlé láìròtẹ́lẹ̀, òun ló sì gbé tẹlifóònù náà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Bí wọ́n ṣe sáré dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀ fi hàn pé wọ́n ṣì mọ ààlà. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin apànìyàn-gbowó kan pa Carl tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní London, wọ́n pinnu láti lọ pa obìnrin náà ní Netherlands, bẹ́ẹ̀ kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tí ìjọba fún wọn. Ibí yìí ni Robert ti kọ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó sọ fún Avner pé ohun tó sọ Júù di Júù ni jíjẹ́ olódodo, àti pé bí òun bá sọ èyí nù, kò sí ohun tó kù fún òun. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, Kushner kò sì kọ ohun tó dára jù ú lọ nínú fíìmù náà.

Àwọn tó kù lọ láìsí Robert. Wọ́n yìnbọn pa obìnrin náà nínú ilé orí omi rẹ̀. Avner fẹ́ fi aṣọ bo ìhòòhò òkú náà, Hans ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Hans fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dun òun pé òun kò jẹ́ kí ó bò ó. Kò kábàámọ̀ pípa obìnrin náà. Aṣọ tí kò jẹ́ kí wọ́n dà bò ó ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Èyí fi hàn bí ìdúró-ti-ará ṣe lè sún kì láti ìdúró ti gbogbo ẹ̀yà kan di ìdúró ti ọkùnrin mẹ́rin, tí ẹ̀rí-ọkàn yóò sì wá máa jẹ́jọ́ lórí aṣọ nìkan.

Oúnjẹ ni Spielberg fi so gbogbo èyí pọ̀. Avner fúnra rẹ̀ ló se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé, ìdí oúnjẹ yẹn ni wọ́n sì ti di ọmọ ìyá. Ní Paris, ó máa ń dúró níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to ilé ìdáná sí, ó ń wo ilé tí kò tíì ní. Ní Faransé yìí kan náà, ó bá baba arúgbó tó ń ta ọ̀rọ̀ àṣírí fún un dáná, ó sì bá ẹbí rẹ̀ jẹun, àmọ́ baba náà rán an létí pé kì í ṣe ọmọ òun. Ní Róòmù, Wael Zwaiter, tó ń túmọ̀ ìwé Ẹgbẹ̀rún Òru Àti Òru Kan sí èdè Ítálì, ra nǹkan jíjẹ lọ sílé ní alẹ́ tí wọ́n pa á. Wàrà tó dà sílẹ̀ pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nípa àwòrán yìí, òǹwòran rí i pé ẹni tí wọ́n pa náà ní ìdí ààrò tirẹ̀, kò sì sí ẹni nínú fíìmù náà tó ní kó ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án sí irọ́ tàbí òótọ́.

Fíìmù náà ní àléébù. Bí wọ́n ṣe pa ìran ìbálòpọ̀ Avner àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìpakúpa pápákọ̀ òfurufú lápá ìparí ti pọ̀ jù, ó sì sọ ikú àwọn eléré ìdárayá di ohun èlò ìrora ọkàn ẹlòmíràn. Àléébù tó tún burú jù ni ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1973, ní Lillehammer ní orílẹ̀-èdè Norway, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ísírẹ́lì ṣi ẹni pa. Agbáwo ọmọ Mòrókò kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n yìnbọn fún lójú ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Ní ọdún 1996, Ísírẹ́lì san owó gbà-má-bínú fún ẹbí rẹ̀ láì gbà pé àwọn ló jẹ̀bi. Kò sí ọ̀rọ̀ Robert kankan tó lè gbe ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ ará ilé jáde tó ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, Munich kò sì fẹnu kàn án. Fíìmù tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó le mọ́ Ísírẹ́lì jù rọjú fún un níbi tí kò yẹ.

Ní ìparí, Avner ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Brooklyn, kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ephraim wá bá a pé kó padà wá sílé. Avner béèrè ẹ̀rí pé àwọn tí òun pa mọ̀ nípa Munich, kò sì rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló wá pe Ephraim sí oúnjẹ alẹ́. Ó rán an létí pé Júù ni àwọn méjèèjì, pé àlejò ni Ephraim ní ìlú náà, àti pé dandan ni fún òun láti pè é. Ìbéèrè ńlá ni ìpè yìí: ṣé ará ilé tó bá sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò búburú ṣì lè jókòó ti ará ilé rẹ̀ nídìí oúnjẹ? Ephraim kọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kámẹ́rà yí sí òkèèrè, níbi tí ilé gogoro méjèèjì ti World Trade Center dúró sí, èyí tí àwọn agbésùnmọ̀mí wó ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Òǹwòran mọ ohun tó máa dé bá àwọn ilé náà, Avner kò mọ̀. Ọ̀nà ilé ló mú pọ̀n ní òun nìkan, níbi tí oúnjẹ alẹ́ wà.