Odò Wà Nínú Fọ́tò, A Ò Rí I

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ fọ́tò odò Ọ̀ṣun tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, inú bí mi díẹ̀.

Méjìlá ni gbogbo ẹ̀. Mẹ́wàá jẹ́ ti ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ: Arugbá, igbá lórí, aṣọ funfun, èrò rẹpẹtẹ. Omi ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ibi tó bá sì ti hàn, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ta là ń tàn? Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, omi yẹn rí bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ nínú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló pa á láró.

Mo mọ ohun tí ẹni tó yà á máa sọ: ẹwà ló ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn odò, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ẹ̀ á dáàbò bò ó. Irọ́ kọ́. Ní Tasmania, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n fẹ́ sé odò Franklin láti fi ṣe iná mànàmáná. Peter Dombrovskis ya ibì kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Rock Island Bend: àpáta, ìkùukùu, omi. Wọ́n gbé fọ́tò náà sínú ìwé ìròyìn ṣáájú ìbò ọdún 1983. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó lòdì sí ìsédò náà wọlé, nígbà tó sì di oṣù Keje, ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ìjọba àpapọ̀ láre. Bí wọn ò ṣe sé e mọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o. Franklin ṣì mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á. Tiwa ti dọ̀tí ná. UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2005, àmọ́ ọgbà ò lè dá omi dúró: òkè lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ni ẹrẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ kìlọ̀ nígbà ọdún pé kí èèyàn má mu omi náà. Ẹni tó bá wá pa irú omi bẹ́ẹ̀ láró, awakùsà ló ń bá bo àṣírí, bí ò tiẹ̀ mọ̀.

Ìdí tí fọ́tò kọkànlá fi wù mí jù nìyẹn. (Ìkejìlá, ọkọ̀ ojú omi ni. Mi ò ní nǹkan kan sọ sí i.) Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n há a sí. Ó wọ́, ó ṣókùnkùn, ìka ẹni tó yà á tiẹ̀ wà ní igun kan. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀, ó ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì funfun. Omi ti dé ìdajì, a sì ń rí àwọ̀ ẹ̀ láti ara ike náà, ó pọ́n bí amọ̀. Ìyá yẹn ń gbé e lọ fún ẹnì kan nílé. Ẹni yẹn ò sí nínú fọ́tò, òun ni mo sì ń rò láti àná.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mi ò rí: ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wọnú odò. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà kó wá mi wá ní Sátidé. Màá san owó mọ́tò.