Ìmọ̀ràn Àgbà fún Ọ̀dọ́ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Àgbéyẹ̀wò Èrò Medawar àti Ramón y Cajal lórí Yíyan Ibi Ìkẹ́kọ̀ọ́ Gboyè Gíga

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́jáde nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ń wá ibi tí wọn yóò ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè gíga láìmọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó yàn. Pépà yìí ṣe lámèyítọ́ ìwé méjì tí àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ fún àwọn ọ̀dọ́. Àkọ́kọ́ ni Advice to a Young Scientist tí Peter Medawar kọ ní ọdún 1979. Èkejì ni Reglas y consejos sobre investigación científica tí Santiago Ramón y Cajal kọ. Ojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀ ni iṣẹ́ yìí fi wo àwọn ìwé náà. Ó fi hàn pé ìmọ̀ràn Medawar múná dóko, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lágbára láti yàn ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé Cajal dí díẹ̀ nínú àlàfo náà, síbẹ̀ òun náà ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe yìí bá ipò ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì, kẹ́místrì tàbí bàọ́lọ́jì mu. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí ó bá di àsìkò láti tẹ̀ síwájú, àwọn kan yóò dúró síbi tí wọ́n wà nítorí pé ibẹ̀ ni ojú wọn mọ̀. Àwọn mìíràn yóò kọ̀wé sí ibikíbi tí orúkọ rẹ̀ bá ti dún, bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni oyè ọ̀mọ̀wé sáábà máa ń gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ó máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ṣi alábòójútó yàn lè lo ìgbà èwe rẹ̀ lórí ìbéèrè tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ yẹ ìmọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ wò fínnífínní, kí ó tó fà á lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn Òǹkọ̀wé Méjèèjì àti Ipò tí Wọ́n Ti Kọ̀wé

Ojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbépọ̀ gbà pé iṣẹ́ òǹkọ̀wé kò lè ṣàì gbé àmì àwùjọ tí ó bí i. Ọdún 1915 ni wọ́n bí Medawar ní orílẹ̀-èdè Bùràsílì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Lẹ́bánónì. Oxford ni ó ti kàwé. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ara ṣe ń kọ àwọ̀ tí a lọ̀ mọ́ ọn láti ara ẹlòmíràn ni ó bí ìmọ̀ tí ó mú kí òun àti Frank Macfarlane Burnet jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960. Nígbà tí ó fi máa kọ ìwé rẹ̀, ó ti di àgbà tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ti Cajal yàtọ̀. Ọdún 1852 ni wọ́n bí i ní Sípéènì, ní àkókò tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè náà rẹ̀yìn gidigidi sí ti Jámánì àti Faransé. Ó fi owó ara rẹ̀ ra maikirosíkóòpù tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1889, ó gbé àwọn ohun tí ó ti ṣe lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Berlin, kí àwọn ọ̀gá lè fi ojú ara wọn rí i. Ní ọdún 1906, òun àti Camillo Golgi jọ gba Ẹ̀bùn Nobel. Àpilẹ̀kọ tí ó kà ní ọdún 1897 nígbà tí wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn sáyẹ́ǹsì ní Madrid ni ó di ìwé tí à ń yẹ̀ wò yìí. Ẹni tí ó bá ka ìwé méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láti àárín ọjà, ẹnì kejì sì ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu bodè.

Ibi tí Ìmọ̀ràn Medawar Ti Múná Dóko

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni Medawar tẹnu mọ́. Èkíní ni ìbéèrè. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àwárí tí ó nítumọ̀ gbọ́dọ̀ gbájú mọ́ ìṣòro tí ó nítumọ̀. Èyí yí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà yàn padà pátápátá. Orúkọ yunifásítì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe níbẹ̀. Ní ojú Medawar, ìbéèrè ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè náà ni ó tẹ̀ lé e. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kẹ́yìn.

Èkejì ni ẹgbẹ́. Medawar kìlọ̀ pé kò dára kí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ṣiṣẹ́ ní àdádó. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jiyàn lórí iṣẹ́ ara wọn lójoojúmọ́ ni ó yẹ kí ó wá. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀pọ̀ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nínú yàrá ìwádìí, ẹnu àwọn tí ó fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀kẹta ni kíkúrò nílé. Medawar gba ọ̀dọ́ níyànjú pé bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kì í bá ṣe ibi tí iṣẹ́ ti ń gbóná, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ fi ẹ̀bùn owó dá a dúró síbẹ̀. Ó gba ìgboyà kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè kọ irú èyí sílẹ̀, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń bá wí. Èdè rẹ̀ náà ràn án lọ́wọ́: gbólóhùn rẹ̀ ṣe ṣókí, àwàdà wà níbẹ̀, kò sì gbé ara rẹ̀ ga ju òǹkàwé lọ.

Ibi tí Ìmọ̀ràn náà Kù Sí

Àbùkù tí ó hàn jù lọ nínú ìwé Medawar ni pé ó gbà pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ ṣáà mọ èyí tí yóò wọ̀ ni ó kù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ó wà ní Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ jáde, èyí tí ó lè pẹ́ títí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ yóò fi kọjá. Ó gbọ́dọ̀ san owó ìforúkọsílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, owó dọ́là sì ni. Ibòmíràn yóò ní kí ó ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó lágbára láti san owó ibi méjì péré kò lè yàn bí ẹni tí ó lè san ti ibi mẹ́wàá.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Medawar fúnra rẹ̀ mọ ìnira owó. Oxford fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò gba oyè náà nítorí owó tí yóò ná an. Kò gba oyè gíga lọ́dọ̀ wọn títí di ọdún 1947 tí wọ́n fún un ní oyè D.Sc. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ìbá ti fi orí kan gbáko sọ̀rọ̀ nípa owó. Bóyá ohun tí ó fà á ni pé ní Oxford, àìgba oyè kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní Nàìjíríà òde òní, ẹni tí kò ní oyè ọ̀mọ̀wé kò lè gòkè dé ipò àgbà olùkọ́ ní yunifásítì. Àwùjọ méjèèjì kò rí bákan náà, ìmọ̀ràn náà kò sì lè wúlò bákan náà.

Ohun tí Cajal Fi Kún Un

Cajal mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì níbi tí ohun èlò kò ti tó. Èrò rẹ̀ ni pé àìsàn ìfẹ́-inú ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn, kì í ṣe àìsí ohun èlò nìkan. Ó to irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ẹni tí ó ń kàwé ṣáá tí kò ṣe nǹkan kan, ẹni tí ó ń kó ohun èlò jọ tí kò lò ó, ẹni tí ó ń lá àlá ńlá tí kò parí iṣẹ́ kékeré kan. Àwòrán àwọn ènìyàn wọ̀nyí yóò pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín, yóò sì tún mú kí ó wo ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ tí Cajal ti ṣe nílé ni ó gbé lọ sí Berlin; kì í ṣe ìlérí ni ó gbé lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ewu. Bí a bá ń sọ fún ọ̀dọ́ pé ìfẹ́-inú ni gbogbo rẹ̀, a ó máa dá a lẹ́bi fún iná mànàmáná tí kò sí àti owó tí kò sí. Bákan náà, ọkùnrin nìkan ni Cajal ń bá sọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí ó yẹ kí olùwádìí fẹ́ ni obìnrin ṣe hàn jù nínú ìwé rẹ̀. Ní ti èyí, Medawar yọ jù ú, nítorí ó ya orí kan sọ́tọ̀ fún ìwà ìyàsọ́tọ̀ sí obìnrin àti sí ẹ̀yà. Olùkọ́ tí yóò fi ìwé Cajal kọ́ni níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wà gbọ́dọ̀ sọ èyí ní gbangba.

Lẹ́tà Ète: Oríkì Ni tàbí Ìjábọ̀?

Ohun kan wà tí ìwé méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ kàn, èyí ni lẹ́tà tí olùforúkọsílẹ̀ fi ń ṣàlàyé ète rẹ̀. Lẹ́tà yìí jẹ́ lítíréṣọ̀ tí ó ní òfin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń ki ara rẹ̀: wọn yóò ní láti kékeré ni sáyẹ́ǹsì ti wu àwọn, wọn yóò ka ipò tí wọ́n ti dì mú, wọn yóò sì yin yunifásítì náà títí. Bẹ́ẹ̀, nínú àṣà Yorùbá, ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń ki ènìyàn. Lẹ́tà ìjẹ́rìí tí olùkọ́ kọ ni ó jọ oríkì. Lẹ́tà ète jọ ìjábọ̀ ẹni tí a rán níṣẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni: kí ni ó ti ṣe? Kí ni kò lọ bí ó ti rò? Ìbéèrè wo ni ó kù? Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó lè ràn án lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ bí àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó mọ ìdí rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn ju ẹni tí ó ní òun fẹ́ràn ìmọ̀ lọ.

Ìwúlò fún Olùkọ́

Ó yẹ kí olùkọ́ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ kún ìmọ̀ràn àwọn àgbà wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ lè wọlé tààrà fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì. Ilé-ẹ̀kọ́ náà sì sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ àti owó ìgbọ́bùkátà fún un, òun yóò sì máa kọ́ni tàbí ṣèwádìí. Àwọn yunifásítì tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools kò lè fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn sí ìfilọ̀ owó kí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin tó pé. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba èyí tí ó kọ́kọ́ dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà onídánilẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ lọ mọ́. Àwọn tí ó ń ṣe oyè ìwádìí ṣì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí, ọ̀rọ̀ yíyàn sì ni pẹ̀lú.

Kò sì yẹ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni ọ̀nà wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2003 ni wọ́n dá African Institute for Mathematical Sciences sílẹ̀ nítòsí Cape Town fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó fẹ́ gboyè nínú ìṣirò. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ilé ìwádìí ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn Kòrónà ní oṣù kẹta ọdún 2020, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Medawar wọ̀n ọ́n, ìbéèrè tí ó nítumọ̀ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n náà kò béèrè bóyá ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìwé Medawar kọ́ni ní ohun tí ó yẹ kí a wò: ìbéèrè, ẹgbẹ́, àti òmìnira láti kúrò nílé. Ìwé Cajal kọ́ni pé kí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Méjèèjì kò sọ tó nípa owó, èkejì sì fojú fo obìnrin. Àwọn àlàfo wọ̀nyí ni iṣẹ́ olùkọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ sí ìwé ibikíbi, ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ mú kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ alábòójútó náà lọ́wọ́lọ́wọ́: ṣé ó ń ka iṣẹ́ wọn lásìkò? Ọdún mélòó ni àwọn tí ó ṣáájú lò kí wọ́n tó parí? Níbo ni wọ́n wà báyìí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ìwé àwọn àgbà bá dákẹ́ níbì kan, ẹnu olùkọ́ kò gbọdọ̀ dákẹ́ níbẹ̀.