Ìlà Kan Tó Sọ̀ Kalẹ̀

Ní Gwagwalada, kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ kú, kì í sì í pẹ́ jí. Iná á lọ, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀. Iná á dé, wọ́n á pa á. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí ni Linux máa ń wá disk kàn bí ẹni pé wọn ò ríra rí. Àṣìṣe tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, ẹni tí sáfà rẹ̀ ní Jámánì kì í kú láti ọdún dé ọdún lè má pàdé rẹ̀ láéláé. Àwa á pàdé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí àwọn tó ń tún driver disk ṣe, pàápàá àwọn tó ń tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tò.

Driver ni kóòdù tó ń bá disk sọ̀rọ̀ fún Linux. Tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á gba àyè nínú memory, á to queue, ìyẹn ìtò iṣẹ́ tó ń dúró de disk, àti lock rẹ̀ síbẹ̀, kó tó wá pe request_irq, pé kí Linux máa ké sí òun bí interrupt, ìyẹn igbe tí ẹ̀rọ fi ń pe àkíyèsí, bá dé. add_disk ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, torí bí wọ́n bá ti pè é, ojú ẹsẹ̀ ni Linux ti máa lọ ka àtẹ partition. Driver tó pe request_irq kí queue tó wà nílẹ̀ dà bí ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kó tó to ọjà: tí oníbàárà ò bá tètè dé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lórí tòkunbọ̀ àtijọ́, disk, USB àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè jọ máa lo ojú ọ̀nà interrupt kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ké, Linux á bi gbogbo wọn léèrè pé ta ló ni ín. USB ké díẹ̀ ṣáájú àkókò, driver disk na ọwọ́ sí queue tí kò tíì sí, ó parí: BUG: kernel NULL pointer dereference, address: 0000000000000018.

Ọ̀jáfáfá á tẹjú mọ́ 18 yẹn. Òǹkà oní-16 ni, 24 ló jẹ́ ní tiwa. Ìyẹn ni pé kóòdù ń wá ohun tó wà ní byte 24 nínú àkójọ kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì jẹ́ òdo. Á gbé pahole jáde, irinṣẹ́ tí Arnaldo Carvalho de Melo kọ, tó ń fi ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú àkójọ hàn, á sì rí i pé queue ni.

Ó rọrùn láti kọ ọ́ pé tí queue ò bá sí, kí driver yíjú sẹ́yìn. Àtúnṣe ojú ayé nìyẹn. Tó bá jẹ́ disk gan-an ló ń ké ńkọ́? Á máa ké lọ ni. Nínú interrupt 100,000, tí èyí tí kò rí olùdáhùn bá lé ní 99,900, Linux á kọ "nobody cared", á sì ti ojú ọ̀nà náà pa, ti USB ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé request_irq sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ìlà tó ń to queue. Nínú patch, ìyẹn àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà, ìlà tí wọ́n yọ lókè náà ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù wá kù: wọ́n á lọ síbi tí àwọn goto wà, fún ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lágbedeméjì. Ohun tí wọ́n gbà kẹ́yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà, nítorí náà free_irq, tó ń tú ohun tí request_irq ṣe, gbọ́dọ̀ yí ipò padà níbẹ̀, àti níbi tí driver ti ń kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe ló ti bí àṣìṣe mìíràn níbí yìí. Linux fúnra rẹ̀ ní CONFIG_DEBUG_SHIRQ, tó máa ń rán interrupt òfegè sí driver bó ṣe ń kógbá sílé, láti mọ̀ bóyá ó ti yára tú ohun tó ṣì nílò.

Ní ìparí àlàyé tó bá patch náà rìn ni wọ́n á kọ Fixes: sí, pẹ̀lú lẹ́tà àti òǹkà 12 tó ṣáájú nínú ìdámọ̀ patch tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀, kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀dà Linux àtijọ́ lè mọ èyí tí wọ́n máa gbé àtúnṣe náà dé.