Òfin Eré Nínú Kíláàsì Vivian Paley

Bí ọmọdé bá ti pé mẹ́ta níbi eré, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Lọ, a ò bá ẹ ṣeré." Àgbàlagbà á ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, á bá tirẹ̀ lọ. Vivian Paley kò bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún ló ń kọ́ ní Laboratory Schools ti Yunifásítì Chicago, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n máa ń lé, àwọn kan náà ló sì máa ń léni.

Òfin tó ṣe kò gùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹlòmíràn pé kò lè bá wọn ṣeré. Òfin náà ló di àkọlé ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1992, You Can't Say You Can't Play. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dá ṣáká. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ọmọ: ṣé ó tọ́? Ṣé ó ṣeé ṣe? Ọmọbìnrin kan takò ó gidi. Kí wá ni adùn eré bí ẹni tó dá a sílẹ̀ kò bá lè yan ẹni tó máa bá a ṣe é? Paley kò pa á lẹ́nu mọ́. Ó tún kọjá sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, láti kíláàsì kìíní dé ìkarùn-ún, ó bi àwọn náà léèrè. Àwọn yẹn gbà pé ó tọ́, àmọ́ wọ́n ṣiyèméjì pé á ṣiṣẹ́. Ó padà wá jíṣẹ́ gbogbo rẹ̀ fún àwọn kékeré. Láàárín gbogbo àríyànjiyàn yìí, ó ń pàlọ́ ẹyẹ kan fún wọn, Magpie, tó máa ń wá àwọn tó dá wà kiri.

Ohun tó wú mi lórí jù ni eré ìtàn. Ọmọ á pìtàn, Paley á kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an, kíláàsì á sì fi ṣeré. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ni onítàn máa ń yàn. Nígbà tí òfin dé, ó di bí ẹ bá ṣe jókòó: ipa tó bá kàn ọ́ ni wàá ṣe, ìyá ni o, ajá ni o.

Àwa a máa sọ fún ọmọ tí wọ́n lé pé kó tún ìwà rẹ̀ ṣe, tàbí kó wá ẹlòmíràn bá ṣeré. Paley ní kíláàsì ló máa yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nínú ìwé rẹ̀ ti 1990, níbi tí ọmọkùnrin kan ti sọ ara rẹ̀ di hẹlikọ́pítà, tí kì í dá sí ẹnikẹ́ni. Paley kò gba hẹlikọ́pítà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ yòókù ń wá àyè tó lè balẹ̀ sí nínú ìtàn tiwọn, títí ó fi wọ eré wọn.

Ó ń gba ohùn kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́dà, á sì tún un gbọ́ kó lè mọ ohun tó fo òun dá. Ẹni tó ti gba ẹ̀bùn MacArthur ní 1989 ni o. Ó kú ní 2019, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ pámárì wán, bí ẹ bá fẹ́ mú òfin yìí lò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì wọn.