Orúkọ Tí Ó Fún Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Ìwé Méjì lórí Steve Jobs

Gbogbo wa la mọ Steve Jobs bí ẹní mowó, àtẹni tó ní iPhone àtẹni tí kò ní. Bí wọ́n bá pe ìpàdé kan nínú ọgbà yìí láti kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń là, kò ní pẹ́ tí ẹni tó di máìkì mú yóò fi dárúkọ rẹ̀: ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, tó fi iléèwé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú gáréèjì bàbá rẹ̀, tó pàdánù iléeṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tó tún padà wá jọba níbẹ̀. Ìtàn yẹn dùn, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa láti máa bi rárà ni èmi máa ń bi í: ta ló ń sun ún, ta ni wọ́n ń sun ún fún, kí sì ni asunrárà fò kọjá?

Ìwé méjì ni n ó gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Steve Jobs tí Walter Isaacson kọ. Ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú sàréè. Èkejì ni Small Fry tí Lisa Brennan-Jobs, àkọ́bí rẹ̀, kọ, tó jáde ní ọdún 2018. Ti Isaacson ni ayé kà. Mo ti ka méjèèjì, ti ọmọ yìí ló sì dára jù lójú tèmi.

Kí n má purọ́ mọ́ Isaacson o. Jobs fúnra rẹ̀ ló lọ bá a pé kó kọ ìtàn òun, ó jókòó dá a lóhùn lé ní ìgbà 40, ó sì ní òun ò ní béèrè láti kà á kó tó jáde. Akọrin tí olówó fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè, ẹ mọ bó ṣe máa ń kọrin. Isaacson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ bí Jobs, Steve Wozniak àti Ronald Wayne ṣe dá Apple sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1976, àti bí Wayne ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 12, tó gba 800 dọ́là lórí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó jẹ́ tirẹ̀. (Èmi ò lè ka ibẹ̀ kí n má mi orí.) Ó sọ bí Daniel Kottke, ọ̀rẹ́ Jobs láti iléèwé, tí wọ́n jọ wà ní Íńdíà ní ọdún 1974, ṣe bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ tí Jobs kò sì fún un ní ìpín kankan, títí Wozniak fi bu nínú tirẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kò fi nǹkan wọ̀nyí pa mọ́.

Ètò ìtàn rẹ̀ ló já mi kulẹ̀. Ìwà ìkà kan yóò ṣẹlẹ̀, ẹ ó ṣí ojú-ìwé mélòó kan, ẹ̀rọ tuntun yóò jáde, ayé yóò pàtẹ́wọ́. Ó bú òṣìṣẹ́, Macintosh jáde ní 1984. Wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó bínú kúrò ní 1985, ó dá NeXT sílẹ̀, ó ra Pixar ní 1986, Toy Story jáde ní 1995. Ó padà sí Apple, iMac dé ní 1998, iPod ní 2001, iPhone ní 2007. Bó ṣe ń lọ báyìí, òǹkàwé kò ní mọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkà yẹn sí owó ọjà: ẹnì kan sanwó, ọjà dé. Ta wá ló sanwó náà? Ìwé yẹn kì í dúró bi í.

Síbẹ̀ ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn dé góńgó. Paul Jobs, bàbá tó gbà á tọ́, mẹkáníìkì ni, ó sì mọ iṣẹ́ igi. Òun ló kọ́ ọmọ náà pé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó kọjú sí ògiri gbọ́dọ̀ dán bí iwájú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ní rí i. Jobs kò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Macintosh, ó ní dandan, inú ẹ̀rọ tí oníbàárà kò ní ṣí láé gbọ́dọ̀ lẹ́wà, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó ṣe é sínú ikùn rẹ̀. Akéwì wo ni èyí ò ní wú lórí? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kíláàsì ìkọ̀wé ọlọ́nà tó lọ ní Reed College, níbi tí oríṣiríṣi lẹ́tà inú Macintosh ti ṣẹ̀ wá. Àwọn oní-máìkì kì í sábà sọ fún wa pé lẹ́yìn tí ọmọ yìí ‘fi iléèwé sílẹ̀’ ló lọ jókòó sí kíláàsì yẹn. (Ẹni tó fẹ́ràn ìrísí lẹ́tà tó báyìí, ì bá mà wá wo tiwa lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa tẹ ìwé ìròyìn yìí. A gbé ‘ọ̀’ àti ‘ẹ́’ dé ibẹ̀, ó di àpótí òfìfo. Bírò la fi ń tún un ṣe.)

Ó dáa, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti ilé tirẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1978, Chrisann Brennan bí ọmọbìnrin kan nínú oko kan ní Oregon. Ọmọ ọdún 23 ni Jobs nígbà náà, ọmọ ọdún 23 ni ìyá ọmọ. Jobs kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí. Ó dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òun àti ìyá ọmọ jọ jókòó wá orúkọ, wọ́n sì fẹnu kò sí Lisa. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọmọ náà kì í ṣe tòun.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá wá jókòó níbi tí wọ́n ti ń wá orúkọ ọmọ, tó fi ohùn sí i, ti gbà pé ilé òun ni wọ́n wò. Mo mọ̀ pé Oregon kì í ṣe Ọ̀yọ́, n kò sì ní fi àṣà wa dá ará Amẹ́ríkà lẹ́jọ́. Òfin tiwọn ló dá a lẹ́jọ́. Ìyá ọmọ ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ San Mateo sì gbé Jobs lọ sí kọ́ọ̀tù. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó lé ní ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún pé òun ni bàbá. Owó ìtọ́jú ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí 385 dọ́là lóṣù, Jobs sọ ọ́ di 500. Ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1980 ni wọ́n parí ẹjọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, Apple ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ayé fún ìgbà àkọ́kọ́, Jobs sì di ẹni tó ní ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì fúnra yín.

Ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n ń ṣe kọ̀ǹpútà kan níléeṣẹ́ rẹ̀. Lisa lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Iléeṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan làwọn kó jọ tó di Lisa. Ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1983, 9,995 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nínú oṣù yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn Time gbé e pé Jobs ti fi ìṣirò sọ pé ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin Amẹ́ríkà ló lè jẹ́ bàbá ọmọ náà. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kí ni wọn ì bá wí nípa ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí irin? Irin náà ò tiẹ̀ tà. Ní ọdún 1989, Apple kó bí 2,700 nínú rẹ̀ lọ sin síbi ìdalẹ̀nù ní Logan, ní ìpínlẹ̀ Utah.

Ibí yìí gan-an ni ìwé méjèèjì ti pínyà. Isaacson bi Jobs léèrè, Jobs gbà pé orúkọ ọmọ òun ni kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́. Isaacson kọ ọ́ sílẹ̀, ó bá ìtàn lọ. Ó tún gba àlàyé àwọn ọ̀rẹ́ Jobs wọlé, pé ẹni tí òbí kọ̀ ni, òun náà wá kọ ọmọ. Àwọn tó bí Jobs ní San Francisco ní 1955, Joanne Schieble àti Abdulfattah Jandali ará Síríà, kò tíì fẹ́ra wọn, wọ́n sì gbé e fún Paul àti Clara Jobs. Jandali pàápàá jẹ́ ọmọ ọdún 23 nígbà náà. Àlàyé yẹn gún régé. Bí àlàyé bá ti gún tó báyìí, èmi máa ń fura. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n gbé fún alágbàtọ́ tí wọn ò sẹ́ ọmọ tiwọn.

Nínú Small Fry, ìbéèrè orúkọ yìí kan náà gba ọmọ náà ní ọdún gbọọrọ. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ orúkọ òun. Ó di ọ̀dọ́, ó bi bàbá rẹ̀, bàbá ní rárá. Ó pé ọmọ ọdún 27 kó tó gbọ́ ‘bẹ́ẹ̀ ni’, kì í tún ṣe òun ni wọ́n dá lóhùn. Bono, olórin U2, ló bi Jobs nígbà tí wọ́n lọ kí i nílé. Ọmọ wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ohun tí Isaacson fi gbólóhùn díẹ̀ sọ rèé o. Àlejò ló bá ọmọ béèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá ọmọ.

Ohun tó tún wú mi lórí ni pé Lisa kò sọ ara rẹ̀ di ẹni mímọ́. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé gan-an, olè ló pe ara rẹ̀: bàbá ń ṣàìsàn, ó ń lọ kí i, ó sì ń jí nǹkan wẹ́wẹ́ inú ilé kó. Ẹlẹ́rìí tó bá kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn tirẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń fetí sí i. Kò sì sọ bàbá rẹ̀ di ẹbọra. Bàbá yìí kan náà ló ń wá mú un jáde tí wọ́n ń fi bàtà onítáyà yí kiri àdúgbò, tí inú ọmọ ń dùn. Bàbá yìí kan náà ni kò ṣètò ohun tí yóò mú yàrá rẹ̀ gbóná nígbà tó wá ń bá wọn gbé, tí kì í sì í wá kí i pé ó dàárọ̀, bó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó. Ará àdúgbò ló san lára owó iléèwé rẹ̀ ní Harvard nígbà tí bàbá dáwọ́ dúró. Bàbá padà san án fún wọn nígbà tó yá. Òǹkọ̀wé kò já èyí tó dùn kúrò lára èyí tó korò.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Àárín rẹ̀ fà: ilé tí òun àti ìyá rẹ̀ ń kó kiri, kíláàsì, aṣọ, ìjà òun àti ìyá rẹ̀. Mo fo ojú-ìwé díẹ̀, ẹ máà bínú. Laurene Powell Jobs, opó Jobs, àwọn ọmọ rẹ̀ àti Mona Simpson, àbúrò Jobs, sì sọ nígbà tí ìwé jáde pé kì í ṣe bí àwọn ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ó tọ́ kí òǹkàwé mọ èyí. (Mona Simpson alára ti kọ ìtàn àròsọ kan ní 1996, A Regular Guy, nípa olówó kan àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ilé yẹn mà kún fún òǹkọ̀wé o!)

Ọ̀rọ̀ tí Jobs bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ní Stanford sọ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2005 ni ọ̀pọ̀ oní-máìkì ti ń bu omi mu. Ìtàn mẹ́ta ló sọ níbẹ̀. Ó sọ bí ìyá tó bí i ṣe gbé e sílẹ̀, ó sọ bó ṣe pàdé ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ikú. Lisa kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́, mo gbà, òun ló sì ni ẹnu rẹ̀. Àwa tí a ń tún un sọ la ò ní àwáwí, nítorí ìwé ti jáde.

Ẹnìkan lè ní kí ló kan àwa ọmọ Ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Oríkì la ń kọ́, oríkì sì ni ìtàn àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ wọ̀nyí ti dà lẹ́nu wa. Oríkì tiwa kì í bo àpá. Ẹ gbọ́ ti Ìkòyí, ogun àti ìkógun kò sá pamọ́ níbẹ̀. Ẹ wo Ògún tó ni gbogbo irin, tí awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ ń bọ. Ó ti ogun dé Ìrè, ó bá wọn níbi àjọ tí ẹnìkan kì í ti í kí ẹnìkan, akèǹgbẹ̀ ẹmu ṣófo, ó yọ idà ti àwọn èèyàn ara rẹ̀. Ẹni tó ń kì í lónìí ṣì ń ka ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ọn. Wọn kò torí irin ní kò pààyàn, wọn kò sì torí ẹ̀jẹ̀ ju irin nù. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ tí bàbá sẹ́ ló kọ oríkì bàbá rẹ̀. Ti orí máìkì, ìpolówó ọjà ni.

Ó sì ti ń ràn wá. Mo rí àwọn kan láàárín wa tí wọ́n ti gbà pé ẹni tó bá lóye gbọ́dọ̀ rorò, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ẹlẹgbẹ́ nígbà iṣẹ́ àjọṣe, tí wọ́n á ní bí Jobs náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọn ò tíì ṣe kọ̀ǹpútà kankan o. Àwa akéwì náà ò sàn jù wọ́n lọ. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, wọn a ní ká kọ ewì kí i, a ó sì jókòó ti orúkọ oyè àti iléeṣẹ́ rẹ̀, a kì í béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Jobs kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọmọ ọdún 56. Lisa kọ ọ́ pé kó tó kú, ó bẹ òun, ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ojú-ìwé díẹ̀ ni, kò fi ẹkún kún un. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ kà ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀dà kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kó wá fi orúkọ sílẹ̀, ẹni méjì ti wà níwájú.