Àdó Àkàlà: Fíìmù Aníkúlápó àti Eré Alápá Mẹ́fà Tí Ó Bí

Ní ìsinmi ìparí ọdún 2024, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ta aṣọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé wọn kò jìnnà sí Odò Ọya, odò kan náà tí ń ṣàn kọjá ní Jẹ́bà. Àwọn ọmọ Yorùbá bí mẹ́rìnlá ni ó ń gbé inú agbo ilé náà, àgbà àti èwe, pẹ̀lú àwọn ará Zarma tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n jáde sí àgbàlá, a sì wo Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Àfọláyan. Alẹ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ni a fi wo eré alápá mẹ́fà tí fíìmù náà bí. Púpọ̀ nínú wọn ti wo méjèèjì tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí ìtàn náà ti parí ni wọ́n ṣe jókòó; àríyànjiyàn kan ni ó wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì yanjú: èwo ni ó dára jù nínú méjèèjì?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí rí. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń gbé ilé kan náà a máa jiyàn mọ́jú nítorí Buffy the Vampire Slayer, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa ọmọbìnrin kan tí ń pa àwọn òkú amùjẹ̀, àti Angel, eré tí a fà yọ láti ara rẹ̀ ní ọdún 1999, nípa ọ̀kan nínú àwọn òkú náà tí ọkàn rẹ̀ padà sí i lára, tí ó sì ń wá bí yóò ti ṣe ètùtù ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni. N kò mọ̀ pé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà èmi fúnra mi yóò jókòó sí àgbàlá ní Niamey, tí n ó máa na ìka sí ojú tẹlifíṣọ̀n.

Kò tilẹ̀ yẹ kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí nǹkan ilé wa ni. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Nígbà tí Igbó Olódùmarè dé ní ọdún 1949, kì í ṣe Àkàrà-ògùn ni ó tún gbéra lọ sí ìrìn-àjò. Olówó-ayé baba rẹ̀ ni. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, a máa sọ pé ìrìn baba dùn ju ti ọmọ lọ. Ìyá mi kò gbà títí ó fi kú. Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, èyí tí Àfọláyan kópa nínú rẹ̀ ní ọdún 1999, bí Agogo Èèwọ̀ ní ọdún 2002. Lápité ti kú, Lágata ti kú, ṣùgbọ́n ìlú Jogbo ṣì wà níbẹ̀, ẹrù ìlú náà sì ni eré kejì gbé. Kò pọn dandan kí eré kejì jí òkú kí ó tó lè rìn. Ti Àfọláyan ni ó jí òkú ní tòótọ́, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ wà.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni fíìmù náà jáde lórí Netflix. Ṣọlá Dada ni ó kọ ọ́. Ní ọdún 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn fíìmù tí ó ta gbogbo yòókù yọ níbi ìdíje Africa Magic. Orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa: ẹni tí ó ní ikú nínú àpò, orúkọ tí Fẹlá fi rọ́pò ti Òyìnbó tí a bí i bá. Sàró, ahunṣọ láti Gbọ̀ngán, wá jẹun wá sí Ọ̀yọ́. Kúnlé Rẹ̀mí ni ó ṣe é, ó sì mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín bo ìwọra. Obìnrin olówó kan, tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, kọ́kọ́ fi í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà Arọ́lákẹ́, olorì kékeré Aláàfin, fẹ́ràn rẹ̀. Àṣírí tú, wọ́n lù ú pa, wọ́n sì jù ú sínú igbó. Ẹyẹ àkàlà wá jí i. Arọ́lákẹ́ ni ó dojú kọ ẹyẹ náà, òun ni ó gba àdó agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì sá lọ sí ìlú mìíràn, Sàró sì fi àdó náà ṣòwò. Ó ń jí òkú, ó ń gbowó. Ó di ọlọ́lá, ó ń fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, ó sì gbàgbé ọwọ́ tí ó gba àdó. Nígbà tí ó béèrè ọmọ ọba gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ kí ó tó jí àrẹ̀mọ, Arọ́lákẹ́ da ohun tí ó wà nínú àdó nù. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ikú tí ó ń tà ní ọjà wá ra òun náà.

Mo ti wo fíìmù yìí nígbà mẹ́ta, n kò sì rí ibi tí okùn rẹ̀ ti dẹ̀. Ohun tí a gbé sílẹ̀ ní àárọ̀ ni a gbé ní alẹ́. Obìnrin kan náà ni ó gba agbára, òun ni ó fi fún un, òun náà ni ó gbà á padà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kankan nípa rẹ̀. Bímbọ́ Adémóyè fi ojú sọ èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ti ń pa àlọ́ gan-an ni: àlọ́ kì í ṣàlàyé ara rẹ̀.

Eré alápá mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àlọ́ yìí ti panu mọ́. Ọ̀run kò gba Sàró. Wọ́n dá a padà sí ayé pé kí ó lọ kó àwọn ọkàn tí ó ti jí, kí ó dá wọn padà sí ibi tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, a rí ààfin Ọ̀yọ́ àti ọ̀tẹ̀ Baṣọ̀run Ògúnjìmí. A rí Arọ́lákẹ́ tí ó ń wá ayé tuntun níbòmíràn. A sì rí ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn tí ó jẹ́ pé bí a bá fẹ́ mọ orúkọ wọn tán, ilẹ̀ á ṣú.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni eré yìí jáde. Ó tó ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn ọjọ́ 24 oṣù Kejì, tí ECOWAS mú ìjẹníyà kúrò lórí Niger, ìyẹn èyí tí wọ́n fi lé e nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Keje ọdún 2023. Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn ẹnu-bodè, ó sì já iná mànàmáná tí ó ń fún wọn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ a máa pè é lórí fóònù, wọn a sì máa bi í ní ìbéèrè bí ẹni tí ń yẹ àkúdàáyà wò, bóyá òun ni lóòótọ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní í yà á lẹ́nu pé ìtàn ọkùnrin tí wọ́n dá padà ní ẹnu-bodè wọ àwọn ènìyàn agbo ilé yẹn lára ju bí ó ti wọ ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìbàdàn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí àwọn tí ó di ti fíìmù mú. Ó ní, "Ìtàn tí ó bá ti kú, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ṣé gbogbo òkú ni a ó máa jí ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún fóònù ṣe ní ọjà ni agbẹjọ́rò eré kejì. Ó kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni ó gbà á sílé nígbà tí ó dé. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀yọ́ kì í ṣe ti Sàró nìkan. Nínú fíìmù, Aláàfin kàn wà níbẹ̀ láti pa ènìyàn ni. Nínú eré yìí ni mo ti rí i pé ẹ̀rù ń ba ọba náà."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dùn mọ́ mi, nítorí òtítọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí kọ́ ọmọ mọ ohun tí Baṣọ̀run lè ṣe. Gáà fi ẹ̀mí àwọn Aláàfin ṣeré kí Abíọ́dún tó borí rẹ̀ ní ọdún 1774. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ ọba, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹ ni wọ́n ń gbé fún un, ọba náà yóò sì mọ̀ pé òun ní láti lọ. Ẹ wò ó: igbá kan wà ní ààfin tí ń sọ alààyè di òkú, àdó kan sì wà ní igbó tí ń sọ òkú di alààyè. Ibi tí ìtàn Sàró àti ìtàn ààfin ìbá ti pàdé nìyẹn. Lójú tèmi, wọn kò pàdé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń tọ̀ lọ, a sì ń fò láti ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tí ń wo ilé méjì láti ojú fèrèsé kan. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ Ògúnjìmí bá gbóná, a ti gbàgbé àwọn ọkàn. Nígbà tí Sàró bá tún yọ, a ní láti rántí ohun tí ó ń wá. Mo tún ní ẹjọ́ kan sí i. Arọ́lákẹ́ ni ó gba àdó lọ́wọ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n ọrùn Sàró ni a gbé gbèsè náà kọ́. N kò sọ pé kò jẹ gbèsè. Mo sọ pé ìtàn tí ó ń ka gbèsè gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ni n ó gbè. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú agbo ilé náà tí kò sọ nǹkan kan ní gbogbo alẹ́ mẹ́rin. Ó ń din àkàrà tà ní òwúrọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Sàró ti ń wá ẹni tí ó ti jí, tí ẹni náà ti padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n sì ti ń yọ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Bí ó bá jẹ́ tèmi ni wọ́n jí, n kò ní í dá a padà. Kí ọ̀run wá bá mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ó ti sin ọmọ kan sí Niamey, ọmọ ọdún méje, àti pé láti ìgbà náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é wálé.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ìdájọ́ mi kò rí bákan náà mọ́. Nínú fíìmù, àwọn tí Sàró jí kò ju ọjà rẹ̀ lọ. A kò mọ̀ wọ́n, a kò sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dìde. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni ikú kan níbẹ̀, Sàró ni. Eré kejì ni ó béèrè lọ́wọ́ ìyá pé kí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìbéèrè yẹn tóbi ju ohunkóhun tí ó wà nínú fíìmù lọ, àwọn tí ó ṣe eré náà sì rí i, wọ́n tún fi í sílẹ̀ lọ wo Baṣọ̀run. Nítorí náà mo wí fún wọn ní Niamey, mo sì tún wí níhìn-ín, pé fíìmù ni iṣẹ́ ọwọ́ tí ó dára jù, eré ni èrò tí ó jinlẹ̀ jù. Inú ẹnikẹ́ni kò dùn sí ìdájọ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní olùkọ́ ni mí, pé èmi kì í fún ẹnikẹ́ni ní máàkì tán.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Sí etí mi, Yorùbá fíìmù náà ṣe déédéé ju ti eré lọ. Ní àwọn ibìkan nínú eré, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré dún bí ohun tí a ti fi Gẹ̀ẹ́sì rò kí a tó sọ ọ́. Ní ilé, a lè gbójú fò ó. Ní Niamey, kò ṣeé gbójú fò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń fi Faransé kàwé, ó ń fi Zarma ṣeré ní ìta, ó ń fi Hausa ra nǹkan. Yorùbá tí ó ní ni èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí àti èyí tí ó ń gbọ́ nínú irú eré báyìí. Òun ni ó bi mí pé kí ni àdó, nítorí igò nìkan ni ó mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi eré méjèèjì kọ́ ọmọ ní kíláàsì, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí èwo ni ó dára jù. Ẹ bi wọ́n pé ta ni ó gba àdó, ta ni ó sì san owó rẹ̀. Wọn yóò jiyàn fún yín títí agogo yóò fi lù.

Ọmọ yìí kan náà ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ará Zarma. Ní alẹ́ tí a parí, bàbá arúgbó kan nínú wọn béèrè bóyá ẹ̀mí ni àkàlà náà, bí Dongo, ẹ̀mí àrá tiwọn, tí ó jọ Ṣàngó wa. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé rárá, ẹyẹ ni, ẹyẹ tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún bàbá náà, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà sí wa, ó sì fi Yorùbá béèrè pé ẹyẹ náà ńkọ́, ta ni ó dá àdó rẹ̀ padà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wo mi. Èmi náà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá alákàrà jókòó sí, ṣùgbọ́n ó ti dìde, ó ti wọlé lọ rẹ ẹ̀wà fún ọjọ́ kejì.