Akọni Tí Kò Lábùkù, Ta Ló Bí I?

Ká má parọ́ fúnra wa, a kì í sáré sí ìwé tí wọ́n bá ti sọ pé ó wà fún ẹ̀kọ́. Kọ́míìkì tó dùn lójú wa nígbà tí a wà ní kékeré ni èyí tí olùkọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ikebe Super ti Wale Adenuga wà lára wọn: àwọn bọ̀ọ̀dá wa ti kà á gbó kó tó kàn wá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la sì ti máa ń fà á yọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ fi kọ́ wa ní ìtàn. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn kọ́míìkì àtijọ́ tí wọ́n ṣe láti fi kọ́ ọmọdé nípa àwọn akọni tó gbé ilé ayé rí ní ti gidi, ojú ìfura la fi wò wọ́n. A rò pé wọ́n máa sú wa. Púpọ̀ nínú wọn sú wa lóòótọ́. Ọ̀kan ò sú wa, òun náà ló sì bí wa nínú jù.

Amẹ́ríkà ni irú ìwé yìí ti gbilẹ̀. Superman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ọkàn àwọn ọmọdé níbẹ̀, àwọn àgbà sì ń pariwo pé wọ́n ń ba ọmọ jẹ́. Ní 1941, àwọn tó ń tẹ Parents' Magazine gbé True Comics jáde, Winston Churchill ni wọ́n sì yà sí ẹ̀yìn àkọ́kọ́. Ọgbọ́n ìyá tó fi oyin lú àgbo fún ọmọ ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé akọni inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń mú ìgboyà ti inú ìyá rẹ̀ wá. Kì í ṣojo, kì í ṣìwà hù, kì í jẹ gbèsè. Nígbà tí o bá fi máa pa ìwé náà dé, o ti mọ ọdún tí wọ́n bí i, o ò sì tíì mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kì í ki èèyàn báyìí nílé wa. Ẹ gbọ́ onírárà bó ṣe ń ki jagunjagun Ìbàdàn tó ti kú: á sọ ogun tó ṣẹ́, á sọ ìlú tó kó, kò sì ní fo ìwà ìkà rẹ̀ tàbí gbèsè tó jẹ. Àwọn ọmọ ẹni tó ń kì á wà níbẹ̀, orí wọn á máa wú, wọ́n á máa náwó fún un. Àbùkù ò ba oríkì jẹ́. Òun ló ń jẹ́ ká gbà pé èèyàn kan ló gbé ilé ayé lóòótọ́. Òṣùwọ̀n yẹn la mú dání tí a fi ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí.

Èyí tí kò sú wa ni Martin Luther King and the Montgomery Story. Oṣù Kejìlá 1957 ló jáde. Fellowship of Reconciliation, ẹgbẹ́ kan tó lòdì sí ogun, ló gbé e jáde. Alfred Hassler àti Benton Resnik ló kọ ọ́. Ojú ìwé 16 péré ni, sẹ́ǹtì 10 ni owó rẹ̀, wọ́n sì tẹ 250,000 ẹ̀dà. Wọn ò kọ orúkọ ẹni tó yà á síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wádìí rẹ̀ pé Sy Barry ni, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ayàwòrán The Phantom, òyìnbó oníbòjú tó ń ṣọ́ igbó ilẹ̀ Áfíríkà. (Ọwọ́ kan náà o! A rẹ́rìn-ín títí.)

Ohun tó kọ́kọ́ mú wa ni ẹni tó ń sọ ìtàn náà. Kì í ṣe King. Ará Montgomery kan ni, ẹnì kan ṣá láàárín àwọn 50,000 aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Rosa Parks kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ 1 Oṣù Kejìlá 1955, ìlú pa bọ́ọ̀sì tì fún ọjọ́ 381, King, pásítọ̀ ọmọ ọdún 26, sì di olórí. Àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́ ló gbé ìtàn náà. Ìwé náà yà sọ́dọ̀ Gandhi ní Íńdíà, lẹ́yìn náà ó wá ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà. Níbí ló ti fi True Comics sílẹ̀ pátápátá. Kò ní kí o jókòó máa wo King. Ó ní ìwọ náà, dìde.

Àwọn èèyàn sì dìde. John Lewis kà á nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tó ti di aṣòfin, òun, Andrew Aydin àti Nate Powell ṣe kọ́míìkì tiẹ̀, March, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2013. Ní 2008, wọ́n túmọ̀ ìwé King yìí sí èdè Lárúbáwá, wọ́n sì pín in ní Cairo.

Wàyí o, ohun tó bí wa nínú. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹta 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Rosa Parks, Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery yìí kan náà. Ọlọ́pàá wọ́ ọ lọ. Àwọn àgbà ìlú rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ọmọdé ni, ọmọ tálákà ni, kò sì pẹ́ tó fi lóyún láìtíì lọ́kọ. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan sọ sí ni wọ́n ń wá. Jo Ann Robinson ńkọ́? Olùkọ́ ni ní Alabama State College, òun ló fi odindi òru kan tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé tó ní kí ìlú má wọ bọ́ọ̀sì. A wá orúkọ àwọn méjèèjì nínú ojú ìwé 16 yẹn, a ò rí i. Bẹ́ẹ̀ Browder v. Gayle, ẹjọ́ tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì náà, orúkọ obìnrin mẹ́rin ni wọ́n fi pè é, Colvin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Nítorí náà, kì í ṣe ayàwòrán ló kọ́kọ́ fọ ìtàn yìí. Montgomery gan-an ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń ya á. Kọ́míìkì náà kàn bá a ní mímọ́ ni, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó pa ẹ̀sùn Colvin rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún 82.

A mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: ẹni tí wọ́n ń bú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó yẹ kó tún máa ka àbùkù ara rẹ̀ síta? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní 1966, Bertram Fitzgerald, oníṣirò owó ní New York, bẹ̀rẹ̀ Golden Legacy, kọ́míìkì 16 lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, Toussaint Louverture ti Haiti sì ni àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò rí ẹni tó jọ ọ́ rí nínú ìwé àfi ẹrú àti apanilẹ́rìn-ín, bí o bá gbé Toussaint lé e lọ́wọ́, o ò ní kọ́kọ́ sọ fún un pé Toussaint fúnra rẹ̀ ní ẹrú rí. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n Toussaint yìí, tí wọ́n ní Allada tó wà ní Benin òní ni bàbá rẹ̀ ti wá, onírárà ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn sílẹ̀ láìsọ. Á sọ ọ́ mọ́ òmìnira tó jà fún, ẹni tó ń gbọ́ á sì rí bí nǹkan náà ṣe le tó.

Ìdí tí èyí fi ká wa lára ni pé àwọn kan nínú wa jókòó sójú títì l'Ékòó ní Oṣù Kẹwàá 2020. Lẹ́yìn náà la ka ìlànà tó wà nínú ìwé King yẹn. Gbogbo ohun tó ní kéèyàn ṣe ló dára. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí kò bá ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rù ń bà ẹ́, tí o ò sì fẹ́ jáde mọ́. Akọni tí kò bẹ̀rù rí ò lè bá ẹ sọ ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ King bẹ̀rù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, Stride Toward Freedom, ní 1958. Lóru ọjọ́ kan ní òpin Oṣù Kìíní 1956, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní àwọn máa pa á. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn ti sùn. Ó lọ sí kíṣìnì, ó gbé kọfí kaná, ó sì jókòó, ó ń wá ọ̀nà tí òun lè gbà yọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí tí wọn ò fi ní pe òun lójo. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n ju bọ́ǹbù sílé rẹ̀. Ká ní àwa la ni ojú ìwé 16 yẹn ni, odindi kan la ò bá fún kíṣìnì náà, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i: tábìlì, ife kọfí, àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń wo ilẹ̀kùn.